Ìṣọ́wóná: Ìwà Ahun Ni Tàbí Ìwà Ọmọlúàbí?

Ọ̀rọ̀ owó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa pa òwe lé lórí jù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn òwe náà jọ, tí a sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, a ó rí i pé ohùn wọn kì í fi gbogbo ìgbà ṣọ̀kan. Wọ́n ní, ‘Ènìyàn ni aṣọ mi.’ Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ní ènìyàn kì í rìn ní ìhòòhò. Nítorí náà, owó tí a ná sára ènìyàn kò ṣòfò. Wọ́n sì tún ní, ‘Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.’ Èyí ń bá ẹni tí ó jẹ oúnjẹ tán pátápátá wí, tí kò rántí pé àwọn kan ń bẹ lẹ́yìn tí ó yẹ kí wọ́n bá nǹkan nínú àwo. Òwe kìíní ń pàṣẹ pé kí a lawọ́. Òwe kejì ń pàṣẹ pé kí a ṣẹ́ nǹkan kù. Kí ni kí ọmọlúàbí ṣe nígbà tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó láti pa àṣẹ méjèèjì mọ́?

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ìbéèrè yìí wà. Ní Ifákọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbàgádà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó (kì í ṣe Ifákọ̀ ti Ìjàyè ni mo ń wí), ojoojúmọ́ ni ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń bẹ níbẹ̀, olùkọ́ ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń lọ tajà ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Mile 12 ń bẹ níbẹ̀. Bí oṣù bá parí, owó ilé, owó ilé-ìwé àti owó ọbẹ̀ a dúró sí apá kan. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ìsìnkú bàbá ìyàwó a dúró sí apá kejì. Bí baálé ilé bá fún tọ̀tún tósì, ilé rẹ̀ a gbẹ. Bí ó bá sì di owó mú, ẹbí a ní ahun ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìwà ọmọlúàbí ni ìṣọ́wóná, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó di owó mú ni ó ń ṣọ́ owó ná. Ìbéèrè kan ni a fi lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀: bí mo bá ná owó yìí, tàbí bí n kò bá ná an, ta ni yóò san án?

Ohun tí èdè wa fi hàn

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé èdè a máa pa ọgbọ́n àwọn tí ó ń sọ ọ́ mọ́. A ń ná owó, a sì tún ń ná ọjà. Ẹni tí ó ń ná ọjà ń béèrè iye, ó ń wo bí ọjà ṣe rí, ó ń rò ó bóyá ó yẹ kí òun san iye tí wọ́n pè é. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjà lọ tí yóò náwó kí ó tó náàjà. Ìrònú ni ó ń ṣáájú owó.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà ‘ìnáwó’. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìṣílé, ìnáwó ni a ń pe gbogbo wọn. Bí a bá gbọ́ pé lágbájá ní ìnáwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí a ń wí. Èdè wa kò fi bò rárá pé ayẹyẹ a máa gba owó. Ẹni tí ó bá sì ré ààlà kọjá, orúkọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: ìnákúnàá ni ó ń ná, àpà ni òun fúnra rẹ̀. Ní òdìkejì ni ahun wà, tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìjàpá mu, ẹranko tí ń gbé inú ilé ara rẹ̀ káàkiri, tí ó sì ń fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé bí ẹnikẹ́ni bá súnmọ́ ọn.

Láàárín àwọn méjì yìí ni olùṣọ́wóná wà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ‘ná’ ni ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ahun ń ṣọ́ owó ṣùgbọ́n kò ná an. Àpà ń ná owó ṣùgbọ́n kò ṣọ́ ọ. Olùṣọ́wóná ń ṣọ́ ọ kí ó lè rí i ná síbi tí ó yẹ, ní ọjọ́ tí ó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń pe ètò owó ìjọba ní ìṣúná, bí ẹni pé a ń rán àwọn aláṣẹ létí pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń ṣún nǹkan lò, a kì í dà á nù lẹ́ẹ̀kan.

Bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde

Ìṣòro àkọ́kọ́ nínú owó ilé ni pé bí ó ṣe ń wọlé kọ́ ni ó ṣe ń jáde. Ìyá tí ń ta èso ní ọjà Ìkòsì ń rí owó rẹ̀ lójoojúmọ́, ní kékeré-kékeré. Olùkọ́ ń rí tirẹ̀ ní oṣooṣù. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni onílé ń gba owó ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ilé-ìwé sì ń béèrè owó. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ilé gbígbé, èyí tí a ṣe ní ọdún 2011, ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan pàápàá kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ó ń rí owó rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí omi òjò tí ń kán láti orí òrùlé.

Bí a bá fi ara balẹ̀ rò ó, a ó rí i pé díẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ òjijì nínú ìnáwó ilé. Àìsàn jẹ́ òjijì, ikú sì jẹ́ òjijì. Ṣùgbọ́n owó ilé kì í ṣe òjijì, nítorí pé ọjọ́ tí a kó wọ ilé ni a ti mọ ọjọ́ tí yóò pé ọdún. Oṣù kẹsàn-án kì í ṣe òjijì, ọdún Iléyá àti Kérésìmesì kì í ṣe òjijì, oyún oṣù mẹ́sàn-án pàápàá fún wa ní àkókò láti múra. ‘Igi gànganràn má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.’ Ojúṣe àkọ́kọ́ ni pé kí tọkọtaya jókòó papọ̀, kí wọ́n ka àwọn ìnáwó tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì pín wọn sí oṣù àti ọ̀sẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọkọ ní àpò tirẹ̀, ìyàwó tí ń tajà ní àpò tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí olúkúlùkù bá ti mọ ẹrù tí òun yóò gbé. Ohun tí ń ba ilé jẹ́ ni kí ọkọ rò pé ìyàwó yóò san án, kí ìyàwó rò pé ọkọ yóò san án, kí ọjọ́ sì pé láìsí ẹni tí ó fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ìnáwó ojoojúmọ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọjà Mile 12 kò jìnnà sí Ifákọ̀, ibẹ̀ sì ni tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí ọkọ̀ ẹrù ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya ti ń balẹ̀. Tòmátì a máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa wọ́n bí òjò bá ti múlẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná àti ní àwọn ibòmíràn, ìjọba Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì, owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì sì fò sókè fíofío. Nítorí irú èyí ni àwọn ìyá tí ó gbọ́n ṣe ń para pọ̀ ra apẹ̀rẹ̀ kan, tí wọ́n pín in, tí olúkúlùkù sì se tirẹ̀, tí ó dín in, tàbí tí ó sá ata rẹ̀ sí oòrùn. Ọgbọ́n ìfowópamọ́ kò bá ilé ìfowópamọ́ dé ilẹ̀ wa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n sọ iṣu di èlùbọ́, tí wọ́n sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí, tí wọ́n sì yan ẹja títí ó fi gbẹ, mọ̀ pé ohun tí a kò bá tọ́jú ní ọjọ́ tí ó pọ̀, a ó fi owó gọbọi wá a ní ọjọ́ tí ó wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣìnà: ẹni tí ó ra apẹ̀rẹ̀ méjì nítorí pé ó pọ̀, tí ọ̀kan sì jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ṣọ́ owó ná rárá.

Níhìn-ín náà ni ìbéèrè wa ti yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ń ta tòmátì mọ̀ pé bí òun bá gbé e sùn, yóò rà. Oníbàárà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó náàjà títí tí obìnrin náà yóò fi tà á ní iye tí kò tó owó tí ó fi rà á? Nínájà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iye tí ó tọ́ ní ìrọ̀lẹ́ sì lè dín sí ti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àìrọ́nà-gbà ẹlòmíràn jèrè, tàbí ẹni tí ó gbé ẹrù lé alábàárù lórí tí ó sì fẹ́ já owó rẹ̀ gbà nígbà tí wọ́n dé ibi ọkọ̀, kò fi owó kankan pamọ́. Ẹlòmíràn ni ó bá a san án.

Gbèsè tí ìnáwó ń bí

Nígbà àtijọ́, ó ní ọ̀nà tí ẹni tí kò ní owó fi ń ṣe ìnáwó. Ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé àṣà yìí. N. A. Fadipe, tí ó parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1970, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: ọmọ bíbí inú ìlú ni, kò sì sọ ipò rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó kò dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Bí a bá yá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan láti fi sin bàbá, tí a sì fi ọmọdé ṣe ìwọ̀fà lórí rẹ̀, ọmọ náà a lọ máa gbé nílé olówó, a sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá mú ọ̀kẹ́ kan pé pérépéré. Ó lè jẹ́ ọdún kan, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Àwọn àgbà jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó, ìlú sì yìn wọ́n pé wọ́n sin òkú náà dáadáa. Ọmọdé tí kò pe ẹnikẹ́ni wá síbi ayẹyẹ náà ni ó san owó rẹ̀. Òun ni ó ru igbá náà délé.

Ẹni tí kò bá ní ìwọ̀fà tí yóò fi sílẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Nígbà náà, olówó lè rán ológò sí onígbèsè. Ológò a wá jókòó ti ilé rẹ̀, a máa pariwo, a sì máa pa adìẹ tí ó bá rí jẹ títí wọ́n yóò fi wá owó náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá gba orúkọ òṣómàáló, nítorí pé wọn a ní orí ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ní ayé òde òní, àwọn kan ń yáni lówó lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìbéèrè onígbọ̀wọ́. Bí ọjọ́ bá kọjá, àwọn tí kò ní àánú nínú wọn a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, wọn a ní olè ni. Ìwà yìí pọ̀ débi pé ní ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà, ṣe ìlànà ìforúkọsílẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè gbèsè ti yí padà, ṣùgbọ́n ìtìjú tí a fi ń gbà á kò yí padà.

Ǹjẹ́ owó tí a ná sára ènìyàn ṣòfò bí?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, ‘Ohun tí o ń sọ yìí, ọgbọ́n àwọn tí ń dá gbé ni. Láàárín wa, ẹni tí kò bá bá ènìyàn ná owó, kò sí ẹni tí yóò bá a ná tirẹ̀. Aṣọ ẹbí tí mo rà lónìí ni yóò mú kí ènìyàn kún àgbàlá mi lọ́la.’ Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú. Ẹni tí ó ń bá ẹbí rẹ̀ ṣe ń fi nǹkan pamọ́, sára ènìyàn ni ó ń fi í pamọ́ sí. Ní ọjọ́ àìsàn, nígbà tí ilé-ìwòsàn bá ní kí a kọ́kọ́ mú owó wá, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni a ń sá tọ̀. Kò sí ìwé ìfowópamọ́ tí ó lè rọ́pò wọn.

Ṣùgbọ́n kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀: wíwà pẹ̀lú ènìyàn, àti fífi owó ṣe fáàrí lójú ènìyàn. Ẹbí tí ó wá bá wa ṣọ́ òkú ní òru, tí ó gbé omi, tí ó dáná, ti wà pẹ̀lú wa. Aṣọ olówó iyebíye kò fi nǹkan kan kún èyí. ‘Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ’: òwe náà kò sọ pé kí a má sọ ọmọ lórúkọ, ó sọ pé kí a wo ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní, ‘Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.’ Ẹbí tí ó bá fẹ́ràn wa ní tòótọ́ kò ní fẹ́ kí a fi owó ilé-ìwé ọmọ ra aṣọ tí a ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, kí ẹni tí ó di owó mú má ṣe yára yin ara rẹ̀. Baálé ilé kan lè máa kó owó jọ láti fi kọ́lé, kí ó má sì mu ọtí, kí ó má ra aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ń yá owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, tí a sì ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì, a kò lè pe èyí ní ìṣọ́wóná. Ìyàwó àti ọmọ ni ó ń bá a kọ́ ilé náà láìgba ìmọ̀ràn wọn. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ní owó, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó sì ní òun kò fẹ́ fi ọwọ́ kan owó tí òun tọ́jú. Ìyá náà ni ó ń fi ara rẹ̀ san án. Nítorí náà, bí a bá wò ó dáadáa, àpà àti ahun kò jìnnà sí ara wọn bí a ti rò. Àpà ń jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lọ́la san owó òní. Ahun ń jẹ́ kí àwọn tí ó ṣe aláìní lónìí san owó ọ̀la rẹ̀. Méjèèjì ni ó ń gbé ẹrù wọn lé ẹlòmíràn lórí.

Ọgbọ́n tí ń bẹ nínú èésú àti àjọ

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè ṣẹ́ nǹkan kù láìya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ènìyàn? Àwọn baba ńlá wa ti dáhùn ìbéèrè yìí. Èésú, tí àwọn mìíràn ń pè ní èsúsú, ni ìdáhùn wọn. Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀, ó sì sọ àǹfààní rẹ̀ fún tálákà tí ó fẹ́ fi owó tí ó pọ̀ ṣe ohun gidi kan. W. R. Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àròkọ kan lé e lórí ní ọdún 1952. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé e dá òkun kọjá: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní, asue ni ní Bahamas.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí a sọ pé ènìyàn mẹ́wàá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan a kó ₦200,000. Ẹni tí ó kó o ní oṣù kìíní ti dá ₦20,000 péré. Ó jẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ₦180,000 láìsí èlé. Ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn ti yá àwọn ẹlòmíràn ní ₦180,000 kí ó tó kan òun. Ohun kan náà jẹ́ ẹ̀yáwó fún ẹnìkan, ó jẹ́ ìfowópamọ́ fún ẹlòmíràn, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá kó tirẹ̀ tán tí ó sì dáwọ́ dúró, ẹni ìkẹyìn ni ó jà lólè.

Àjọ yàtọ̀ sí èésú. Alájọ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, a gba iye kan náà lójoojúmọ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù, a sì sàmì sí káàdì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá ₦500 fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti dá ₦15,500. Alájọ a mú ₦500 ti ọjọ́ kan, a sì kó ₦15,000 fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lè rẹ́rìn-ín pé èéṣe tí ènìyàn yóò fi sanwó fún ẹni tí ó ń bá a tọ́jú owó, nígbà tí ilé ìfowópamọ́ ń fi èlé díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà kò gọ̀. Alájọ ń wá a dé ìsọ̀, kò ní láti ti ìsọ̀ pa kí ó lọ tò sórí ìlà. Ju èyí lọ, owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àbúrò ọkọ bá wá béèrè owó fún fáàrí, ó lè dá a lóhùn láìpurọ́ pé, ‘Ẹ má bínú, owó mi ń bẹ nínú àjọ.’ Ẹni tí ó ń dá èésú lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ‘Ọjọ́ tí mo máa dá èésú ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ènìyàn ń retí mi.’ Kò sí ẹni tí yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ahun, nítorí pé ojúṣe rẹ̀ sí ènìyàn ni ó fi dá ènìyàn lóhùn. Níhìn-ín ni òwe méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti pàdé. Ó ń ṣẹ́ nǹkan kù, ó sì ń wà pẹ̀lú ènìyàn.

Láti inú irú ìrònú yìí náà ni a ti rí orúkọ fún ẹgbẹ́ tí òfin ọdún 1935 fún láyè láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tí ó tètè gbilẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ onikókò wa. Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ni a ń pè é. Kì í ṣe ẹgbẹ́ aláìjẹun. Wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń ṣẹ́ kù.

Ibi tí agbára ìṣọ́wóná mọ

Kò yẹ kí a parí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé gbogbo òṣì ni ó ti ọwọ́ ìnákúnàá wá. Ní ọdún 1974, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, ó sì fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó oṣù mélòó kan tí ó ti kọjá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ra rédíò, wọ́n ra alùpùpù, wọ́n ṣe ayẹyẹ. Àwọn ọlọ́jà fi owó kún ọjà, àwọn onílé fi kún owó ilé. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó Údójì, ra ọjà ní iye tí àwọn tí ó gbà á ń rà á. Ó bá wọn san owó àríyá tí kò dé.

Ní àkókò tiwa yìí, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ sì gun òkè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé iye owó oúnjẹ ti fi ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, owó tí a dì mọ́ abẹ́ ẹní ń jẹrà bí tòmátì. Èésú pàápàá gba àtúnrò: bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó jẹ́ ₦200,000 ní oṣù kìíní bá di ₦250,000 kí ó tó di oṣù kẹwàá, ẹni tí ó kó o kẹ́yìn kò lè rà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye kan náà ni gbogbo wọn dá. Ìdájọ́ òdodo béèrè pé kí àwọn tí ó kó o kẹ́yìn lọ́dún yìí kọ́kọ́ kó o lọ́dún tí ń bọ̀, tàbí kí a ra ohun èlò náà papọ̀ nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì fò. Ẹgbẹ́ tí kò bá bèèrè ẹni tí ń ru àdánù kò ní pẹ́ tú ká.

Ohun kejì tí èyí kọ́ wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìwàásù ìṣọ́wóná na ẹni tí kò ní nǹkan kan tí ó lè ṣọ́. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ kò tó gàrí kì í ṣe àpà. Ẹni tí ó ní àjẹṣẹ́kù ni ìbéèrè wa kọ́kọ́ kàn.

Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, èrò mi ni pé ìṣọ́wóná kì í ṣe ìwà ahun. Ọ̀nà kan ni láti mú ìlérí ṣẹ: ìlérí fún onílé, fún ọmọ tí yóò padà sí ilé-ìwé, fún àwọn ẹgbẹ́ tí a jọ ń dá èésú, àti fún ara wa ní ọjọ́ ogbó. Kí a tó ná owó síbi ayẹyẹ, kí a béèrè ẹni tí yóò san án. Bí ó bá jẹ́ ọmọ wa, tàbí aládùúgbò tí a ó lọ bá yá, kí a dín ayẹyẹ náà kù. Kí a tó di owó mú nígbà tí ẹnìkan wà nínú ìpọ́njú, kí a tún béèrè ẹni tí yóò san án. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn tàbí ẹni tí ebi ń pa, kí a tú àpò. Kí a má sì ṣe fi ẹ̀dínwó tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní agbára yangàn.

Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìṣirò lè fi èésú ènìyàn mẹ́wàá kọ́ àwọn ọmọ ní ìsirò tí yóò wúlò fún wọn nílé. Àwọn tí ń múra ìdánwò lè yẹ ìtumọ̀ òwe méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wádìí bóyá wọ́n tako ara wọn. Ní tèmi, wọn kò tako ara wọn. Àgbà tí ó ṣẹ́ oúnjẹ kù nínú àwo kò fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí yóò bá a ru igbá náà ni ó ṣẹ́ ẹ kù fún.